Wọ́n ní ká lọ yanjú ẹ̀ nílé: báwo ni mo ṣe máa rí ìwé gbà lọ́wọ́ ọlọ́pàá?

Àṣàkẹ́ Aláǹkárá (Sátidé, alẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Fóònù ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi ń kọ èyí, tí mi ò bá tètè dáhùn ẹ má bínú. Lánàá lálẹ́ bàbá àwọn ọmọ mi tún ṣe é. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́, àmọ́ tàná yàtọ̀ torí ó fún mi lọ́rùn mọ́ ògiri kíṣìnì títí ojú mi fi ń ṣú, ọmọ mi àgbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló figbe ta tí àwọn ará ilé fi wá ń gbá ilẹ̀kùn. Mo kó àwọn ọmọ, mo sá wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

Láàárọ̀ yìí mo lọ sí tẹ́ṣàn, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, Èkó níbí ni. Ọ̀gá tó wà ní kántà wò mí látòkè délẹ̀, ó ní "Madam, kí lẹ ṣe fún un?" Ó ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, ká lọ pe àwọn ẹbí kí wọ́n bá wa yanjú ẹ̀ nílé. Nígbà tí mo ní mi ò lọ, ó ní kí n mú owó epo wá tí wọ́n á fi lọ gbé e. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ o, kò tiẹ̀ béèrè orúkọ mi.

Ẹnì kan sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé tí mo bá fẹ́ kí kóòtù pàṣẹ kó má sún mọ́ wa mọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ̀ ta ni àwọn ọmọ máa wà bá délẹ̀, wọ́n á béèrè police report. Ibo ni mo ti fẹ́ rí i nígbà tí wọn ò kọ nǹkan kan? Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yìí rí kó jọ̀ọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ má fi àdúrà nìkan dá mi lóhùn, àdúrà ni mo ti ń gbà láti ọdún mẹ́fà.

Ìyá Ìbejì Kétu (Sátidé, alẹ́)

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Kó o tó ro ti tẹ́ṣàn, ṣé o ti lọ ọsibítù? Ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn kì í sùn lé e o, ọ̀nà ọ̀fun lè máa wú látinú lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì kí ojú ara má fi nǹkan hàn. Tí ohùn ẹ bá ti yí padà, tó o bá ń tiraka láti gbé itọ́ mì, tí orí bá ń fọ́ ẹ gidigidi, alẹ́ yìí náà ni kó o lọ, má dúró dìgbà tí ilẹ̀ máa mọ́.

Jẹ́nẹ́rà ni kó o lọ, má lọ jókòó sí kẹ́mísìtì. Tó o bá déwájú dókítà, sọ ẹni tó ṣe é àti bó ṣe ṣe é, kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì ẹ. Mò ń sọ èyí torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní 2021. Ojú ń tì mí, mo ní mo yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, dókítà sì kọ balùwẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀, lọ́yà ọkọ mi fa ìwé yẹn yọ ní kóòtù bí ẹni fa ẹran yọ nínú ọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fi bo ọkọ mi láṣìírí ni wọ́n fi sọ mí di òpùrọ́.

Kẹ́ ẹ sì máa ya fọ́tò. Ya tòní, ya tọ̀la, ya tọ̀tunla, torí ojú ibi tí wọ́n ti lu èèyàn ṣì máa ń dúdú sí i. Jẹ́ kí ojú ẹ hàn nínú ọ̀kan kí wọ́n má sọ pé ọrùn ẹlòmíì ni. Fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ẹ kó fi pamọ́ síbi tí ọkọ ẹ ò lè dé.

Olóyè Ìjẹ̀bú (Sátidé, alẹ́)

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Ọlọ́pàá kọ́ ló ń tún ilé ṣe. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹ pe àwọn àgbà.

Ìyá Ìbejì Kétu (Sátidé, alẹ́)

Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹni tó fẹ́ fún un lọ́rùn pa, ṣé ọ̀rẹ́ ni wọ́n tẹ́lẹ̀ ni?

Àdùkẹ́_Mushin (Sátidé, alẹ́)

Wọ́n pe àwọn àgbà fún ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n jẹ ìrẹsì ẹ̀. Ká má fi ti Olóyè da ọ̀rọ̀ rú, ẹ jẹ́ ká bá ọmọ yìí wá ọ̀nà. Kò sí bàrísítà níbí ni?

Bàrísítà Àbẹ̀ní (Sọ́ńdè, òwúrọ̀)

Mo wà ńbí. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ "police report" yìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọnù, wọ́n á dé kántà wọ́n á ní àwọn fẹ́ gba report, wọ́n á wá máa rán wọn káàkiri bí ẹni rán ọmọdé ní iṣẹ́ ẹ̀tàn. Ìwé nlá kan wà ní kántà tí wọ́n ń kọ ẹjọ́ gbogbo ẹni tó bá wá sí, òun ni wọ́n ń pè ní diary. Tí ẹjọ́ yín ò bá sí nínú diary yẹn, lójú ọlọ́pàá ẹ ò wá rí. Látinú ẹ̀ ni wọ́n ti ń fa "police extract" jáde, ìwé ojú ewé kan tó ní òǹtẹ̀ tẹ́ṣàn, tó ń sọ pé lọ́jọ́ báyìí, Ìyá Lágbájá wá fẹjọ́ báyìí sùn. Òun lẹ máa béèrè, ẹ pè é ní extract.

Ti sítétímẹ́ǹtì tẹ́ ẹ kọ yàtọ̀ síyẹn, lọ́yà lè kọ̀wé béèrè ẹ̀dà ẹ̀ tí wọ́n fòǹtẹ̀ lù. Ìròyìn ìwádìí tí IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ yín, kọ fún ọ̀gá ẹ̀, ìyẹn gan-an tí ọ̀pọ̀ rò pé òun ni police report, wọn kì í fún olùfisùn, kóòtù ló ń rí i tí ẹjọ́ bá dé ibẹ̀. Ẹ má fi ìyẹn da ara yín láàmú.

Tí wọ́n bá ń fi òní dónìí fi ọ̀la dọ́la nípa extract, ẹ kọ lẹ́tà sí DPO, ọ̀gá àgbà tẹ́ṣàn, ojú ewé kan ti tó: orúkọ yín, ọjọ́ tẹ́ ẹ wá, ẹni tó gba ẹjọ́ yín, ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Ẹ̀dà méjì ni kẹ́ ẹ mú lọ, kí wọ́n fọwọ́ sí ọ̀kan kí wọ́n kọ déètì sí i, ẹ mú ìyẹn padà sílé. Ẹ lè dárúkọ òfin Freedom of Information ti 2011 sínú ẹ̀, ọjọ́ méje ló fún iléeṣẹ́ ìjọba láti dáhùn. Kì í ṣe gbogbo ìwé ọlọ́pàá ni òfin yẹn ṣí sílẹ̀ o, àmọ́ mo ti rí i tó sọ ọwọ́ tó wúwo di fúyẹ́.

Nǹkan kan tó sì yẹ kó fi Àṣàkẹ́ lọ́kàn balẹ̀. L'Ékòó a ní òfin tó dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ ìwà ipá inú ilé láti 2007. Lábẹ́ ẹ̀, kóòtù lè fún yín ní àṣẹ ààbò fúngbà díẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ tẹnu ọkùnrin, lórí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ tẹ́ ẹ sì búra sí, pẹ̀lú ìwé ọsibítù àti ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé tó gbọ́ igbe. Ìwé ọlọ́pàá á mú un lágbára, àmọ́ àìsí ẹ̀ ò ti ilẹ̀kùn pa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé láìsí extract kò sí kóòtù.

Bísí Ọmọ Ọlọ́jà (Sọ́ńdè, òwúrọ̀)

Bàrísítà mà, tí kì í bá ṣe ọkọ ńkọ́? Bọ̀ǹfúreǹdì ni, a ò tíì ṣe nǹkan kan, wọ́n ní kò kan ọlọ́pàá torí kò san owó orí.

Bàrísítà Àbẹ̀ní (Sọ́ńdè, òwúrọ̀)

Owó orí kọ́ ni òfin wò. Òfin 2007 yẹn ka ẹni tẹ́ ẹ jọ ń fẹ́ra, àfẹ́sọ́nà, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé, ẹbí, àtẹni tẹ́ ẹ ti fi sílẹ̀. Kódà bí kò bá na ẹnì kan, tó bá gba owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tàbí tó ń ṣọ́ ọ kiri, ó wà ńbẹ̀.

Sájẹ́ǹtì Fẹ̀yìntì (Sọ́ńdè, ọ̀sán)

Ọdún 27 ni mo fi wọ aṣọ dúdú kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo mọ̀.

Àkọ́kọ́, owó epo. Kò sí òfin tó ní kẹ́ ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó fẹjọ́ sùn. Òótọ́ ni pé tẹ́ṣàn míì wà tí wọn ò ní epo lọ́kọ̀, èmi náà ti fi owó àpò mi ra bébà rí láti kọ sítétímẹ́ǹtì fún èèyàn, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe ẹrù ẹni tí ojú ẹ̀ wú. Béèlì náà, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n tiẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Àsìkò tẹ́ ẹ bá lọ ṣe pàtàkì ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ẹ má lọ nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ iṣẹ́, torí ẹni tó fẹ́ relé ò ní gba ẹjọ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ò tíì jókòó. Ẹ lọ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ọ̀gá á wà ní ọ́fíìsì. Tẹ́ ẹ bá dé kántà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ẹ kàn ní ẹ fẹ́ rí gender desk tàbí Family Support Unit, àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìwà ipá inú ilé. Tí wọn ò bá ní, ẹ ní DPO lẹ fẹ́ rí. Àwọn obìnrin púpọ̀ ń lo gbogbo agbára wọn sórí ẹni kántà, nígbà tí wọ́n bá fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè ṣe nǹkan, omijé ti tán, ohùn ti há.

Ẹ mú ẹnì kan dání, àgbàlagbà tó lè jókòó jẹ́ẹ́ ni, kì í ṣe ẹni tó máa bá wọn jà ní kántà. Tí wọ́n bá ti kọ ọ́, ẹ béèrè nọ́ńbà tí ẹjọ́ yín ní nínú diary, ẹ béèrè orúkọ IPO àti fóònù ẹ̀, ẹ kọ ọ́ síwèé níwájú wọn. Ẹni tó bá rí yín tẹ́ ẹ ń kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀, ìwà ẹ̀ máa ń dára sí i.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nìyí: sítétímẹ́ǹtì. Yorùbá lẹ lè fi sọ ọ́, ẹ̀tọ́ yín ni. Tí ẹlòmíì bá bá yín kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kó kà á padà fún yín ní Yorùbá, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i tàbí kẹ́ ẹ tó tẹ̀ka. Mo ti rí sítétímẹ́ǹtì obìnrin tó ní "ó fi irin pánù gbá mi lórí", tí ọmọkùnrin tó ń kọ ọ́ sì kọ pé "we had a misunderstanding". Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, ó ti pa ẹjọ́. Misunderstanding, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ nínú ẹ̀. "Fighting" náà burú, torí ẹni méjì ló ń jà. Tó bá jẹ́ pé ó lù yín ni, ẹ ní ó lù yín, ibi tó lù, ohun tó fi lù, iye ìgbà. "Ó fún mi lọ́rùn" gbọ́dọ̀ wà ńbẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kí wọ́n má sọ ọ́ di "he held me". Ohun tó fẹnu sọ nígbà tó ń ṣe é náà, bó bá ní "màá pa ẹ́", ẹ sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ti ń sọ "inú ló bí i", "kì í sábàá ṣe bẹ́ẹ̀", àánú ẹ̀ lẹ ń bá a ṣe, IPO á kọ ìyẹn náà.

Ọkùnrin Àgége (Sọ́ńdè, ọ̀sán)

Ẹ má bínú kí n dá sí i. Ọkùnrin ni mí. Ìyàwó mi ló da omi gbígbóná sí mi lẹ́yìn. Nígbà tí mo dé tẹ́ṣàn wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ọ̀kan pe àwọn yòókù pé ẹ wá wo ọkùnrin tí obìnrin nà. Mi ò padà lọ mọ́. Ṣé ó ti pẹ́ jù ni?

Sájẹ́ǹtì Fẹ̀yìntì (Sọ́ńdè, ọ̀sán)

Bàbá, ẹ má bínú, ìtìjú àwọn yẹn ni, kì í ṣe tiyín. Kò pẹ́ jù. Ẹ mú ìwé ibi tẹ́ ẹ ti tọ́jú ẹ̀yìn yẹn dání. Òfin ò ní kí ọkùnrin má fẹjọ́ sùn. Tí wọ́n bá tún rẹ́rìn-ín, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń rí sí ìwà ipá nínú ilé àti ìfipábánilò, DSVA, ń gba ọkùnrin náà. 2014 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ bí ìgbìmọ̀ kékeré, òfin wá sọ ọ́ di iléeṣẹ́ gidi ní 2021. Nọ́ńbà wọn ni 0800 033 3333, kì í gba owó. Àṣàkẹ́, ìwọ náà pè wọ́n lónìí. Tí wọ́n bá pe DPO, ẹni kántà tó ní kó o lọ yanjú ẹ̀ nílé fúnra ẹ̀ ló máa fún ẹ ní àga. Tí nǹkan bá ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, 112 tàbí 767 ni kẹ́ ẹ pè.

Ọmọ Adó (Sọ́ńdè, ọ̀sán)

Kì í ṣe Èkó nìkan o. Àwa l'Ékìtì ní òfin tiwa láti 2011, wọ́n tún un ṣe ní 2019, Moremi Clinic sì wà ní Adó fún ẹni tí wọ́n bá fipá bá lò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìpínlẹ̀ míì, ẹ béèrè òfin ti ìpínlẹ̀ yín, òfin VAPP ti 2015, èyí tó lòdì sí ìwà ipá sí èèyàn, tí gbogbo èèyàn ń pariwo ẹ̀, Abújá ló kọ́kọ́ wà fún, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní láti sọ ọ́ di tiẹ̀.

Ìyá Ìbejì Kétu (Sọ́ńdè, ọ̀sán)

Ọmọ Adó rán mi létí nǹkan kan tí ojú ń ti àwọn èèyàn láti sọ. Tó bá jẹ́ pé ó fipá bá èèyàn lò mọ́ lílù, kódà kó jẹ́ ọkọ, ẹ má wẹ̀, ẹ má fọ aṣọ, inú àpò bébà ni kẹ́ ẹ kó aṣọ sí, kì í ṣe nínú lailọ́ọ̀nù torí ó máa ń bu. Kí wákàtí 72 má kọjá kẹ́ ẹ tó dé ọsibítù, oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV ò ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mirabel Centre wà nínú LASUTH, ọsibítù ìjọba Èkó n'Íkẹjà, láti 2013, ọ̀fẹ́ ni.

Ṣadé Peckham (Sọ́ńdè, alẹ́)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìlú ọba níbí, èyí kan yín náà torí mo mọ obìnrin tó ń fara da a torí físà ọkọ. Tẹ́ ẹ bá ti pe ọlọ́pàá, ẹ gba crime reference number, ìyẹn nọ́ńbà ẹjọ́ yín, ẹ tọ́jú ẹ̀. Ẹ lè béèrè gbogbo ohun tí ọlọ́pàá kọ nípa yín lọ́fẹ̀ẹ́, subject access request ni wọ́n ń pè é, oṣù kan ni wọ́n ní. Tẹ́ ẹ bá pe 999 tẹ́ ẹ ò lè sọ̀rọ̀ torí ó wà nítòsí, ẹ tẹ 55 lórí fóònù alágbèéká, wọ́n á mọ̀ pé ìyọnu wà. Ẹni tó fi físà ọkọ wọlé lè tọrọ àyè láti gbé níbí fún oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, tí ilé bá tú torí ìwà ipá, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí ọkùnrin kan máa fi "màá ní kí wọ́n dá ẹ padà sí Nàìjíríà" dẹ́rù bà yín.

Àṣàkẹ́ Aláǹkárá (Mọ́ńdè, alẹ́)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run ò ní fi ìtìjú kàn yín. Mo lọ ọsibítù lálẹ́ Sátidé náà, wọ́n wo ọ̀fun mi, wọ́n dá mi dúró di ọjọ́ kejì. Mo sọ fún dókítà ẹni tó ṣe é. Ẹnu mi gbọ̀n kí n tó lè sọ ọ́.

Lónìí èmi àti ìyá àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbọ́n mi la jọ lọ, aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀. Mo ti pe nọ́ńbà yẹn láàárọ̀, obìnrin tó gbé e ní òun á bá DPO sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá òun ló ṣiṣẹ́ tàbí ìyá àgbà tó kàn jókòó tó ń wo gbogbo wọn láìsọ nǹkan kan, àmọ́ wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin ọlọ́pàá kan nínú yàrá. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, ó ń kọ ọ́. Nígbà tó kà á padà, ó ti kọ "he grabbed my neck". Mo ní mà, fífún ni, kì í ṣe gbígbá mú. Ó wò mí, ó fa ìlà sí i, ó kọ òmíì, ó ní kí n fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti pa á rẹ́. Mo ní nọ́ńbà diary, mo ní orúkọ IPO.

Wọ́n ní àwọn á ránṣẹ́ pè é lọ́la. Èyí tó ń dà mí láàmú nìyẹn.

Sájẹ́ǹtì Fẹ̀yìntì (Mọ́ńdè, alẹ́)

O ṣe é dáadáa, ọmọ mi. Wá gbọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá ránṣẹ́ pe ọkùnrin ni ọjọ́ tó léwu jù. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n gba béèlì ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ìbínú ló sì máa bá jáde. Ṣé ó mọ ilé ẹ̀gbọ́n ẹ? Tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ kúrò níbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún iléèwé àwọn ọmọ pé kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni. Tó o bá nílò nǹkan nílé yín, ìwé ìbí àwọn ọmọ, NIN ẹ, ìwé ìgbéyàwó, ní kí ọlọ́pàá kan tẹ̀lé ẹ lọ kó o, má dá lọ.

Ó ku ẹyọ kan. Àwọn ẹbí ẹ̀ á wá sí tẹ́ṣàn, wọ́n á kúnlẹ̀, ẹni kan á gbé bébà síwájú ẹ pé kó o kọ ọ́ pé o ò bá ẹjọ́ náà lọ mọ́. Má kọ ọ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn o, ohun yòówù kí wọ́n sọ. Ní o fẹ́ bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Tí ọkùnrin bá kọ undertaking pé òun ò ní fọwọ́ kàn ẹ́ mọ́, ìyẹn dára, gba ẹ̀dà ẹ̀, ó ti fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́ nìyẹn.

Olóyè Ìjẹ̀bú (Tiúsìdeè, òwúrọ̀)

Mo ka gbogbo ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé fífún lọ́rùn lè pa èèyàn lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Tí ọmọ yìí bá nílò ibi tó máa sùn ní ọ̀nà Ìjẹ̀bú, ìyàwó mi ní kó bá òun sọ̀rọ̀.

Àdùkẹ́_Mushin (Tiúsìdeè, òwúrọ̀)

Olóyè! Ẹ ṣeun sà. Mo fa ọ̀rọ̀ ìrẹsì padà.

Àṣàkẹ́ Aláǹkárá (ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ọmọ wà dáadáa, a ò sí níbi tó mọ̀. Wọ́n pè é, ó lo ọjọ́ kan níbẹ̀, wọ́n gba béèlì ẹ̀. Àwọn ẹbí wá bí Sájẹ́ǹtì ṣe sọ gẹ́lẹ́, bébà náà jáde, mo ní mo fẹ́ bá lọ́yà sọ̀rọ̀, ìyá ọkọ mi ṣépè fún mi lójú gbogbo ènìyàn.

Extract jáde lónìí lẹ́yìn tí mo mú lẹ́tà ẹlẹ́ẹ̀dà méjì lọ. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ béèrè ẹgbẹ̀rún márùn-ún, mo ní kó fún mi ní rìsíìtì, ó ní kí n máa lọ. Inú mi dùn títí mo fi dé inú ọkọ̀ tí mo kà á. Déètì tó wà ńbẹ̀ kì í ṣe déètì tí mo lọ, wọ́n sì kọ ọ́ pé èmi àti ọkọ mi "fought". Ṣé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Mọ́ńdè ni lọ́yà ní kí n mú un wá.

Bàrísítà Àbẹ̀ní (lọ́jọ́ kan náà)

Má fi í sílẹ̀. Déètì yẹn nìkan, lọ́yà tòdíkejì á fi ṣeré ọmọdé.

Sájẹ́ǹtì Fẹ̀yìntì (lọ́jọ́ kan náà)

Padà lọ nísinsìnyí kí IPO tó relé. Má bá ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jà, ó lè jẹ́ orí ti ẹlòmíì ló ti tẹ tìẹ. Ní kí wọ́n ṣí diary sí nọ́ńbà tó o kọ sílẹ̀, ohun tó bá wà ńbẹ̀ ni extract gbọ́dọ̀ sọ. Kí wọ́n tẹ òmíì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ tuntun, má gbà kí wọ́n fi bírò tún ti àtijọ́ ṣe.

Àṣàkẹ́ Aláǹkárá (lọ́jọ́ kan náà)

Mo ti sọ̀ kalẹ̀. Mo ń dúró de dánfó tó ń padà lọ sọ́hùn-ún. Ìyá àgbà yẹn ní òun ń bọ̀ wá bá mi níbẹ̀.